Bí ẹyẹ wíwò ṣe ń lọ lórí òkè Èkìtì

Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹyẹ wíwò lórí àwọn òkè Ìkógòsí títí dé apá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, etí ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ kó tó kan ojú. Ewé pọ̀, ẹyẹ ò sì ní jáde wá jókòó fún ẹnikẹ́ni, ohùn ẹ̀ la ó fi mọ ibi tó wà.

Àṣẹ ló kọ́kọ́ wà ńlẹ̀ o. Igbó ọba irú ti Ìṣẹ́, èèyàn kì í kàn já wọ̀ ọ́, ọ́fíìsì tó ń mójú tó igbó ló ń fúnni níwèé, tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ mú gáàdì dání ẹ mú un, torí ìnàkí ṣì wà níbẹ̀, kò dáa ká máa dà wọ́n láàmú.

Ìdájí ló dáa jù. Ẹyẹ tí ò jẹun láti alẹ́ àná, ebi ń pa á, afẹ́fẹ́ tutù, ohùn ń dún jìnnà, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá oòrùn ti mú, ọ̀pọ̀ wọn á ti dákẹ́. Kẹ́ ẹ dúró sétí òkè, torí látibẹ̀ orí igi ìsàlẹ̀ á kojú yín gan-an.

Agbe ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ fò, ńṣe ló ń sáré lórí ẹ̀ka títí dé ṣóńṣó igi, á wá na ìyẹ́ kó rọra fò bọ́ sórí igi kejì. Àlùkò ní tiẹ̀, tó bá bà sórí igi ó máa dà bí ẹyẹ dúdú lásán, àfi tó bá fò, pupa inú ìyẹ́ apá ẹ̀ á ṣàdédé yọ, kọ́pà wà nínú pupa yẹn lóòótọ́. Abájọ táwọn àgbà fi ní àlùkò ló losùn.

Kíkọ ẹyẹ tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀ ló wá ṣe pàtàkì jù, òun náà làwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe. Àwọn Nigerian Bird Atlas Project, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà, pín Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 níbùú àti lóròó. Wákàtí 2 ó kéré tán lèèyàn máa fi wo ọ̀kan, gbogbo irú ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ló máa tẹ̀ sínú áàpù BirdLasser bó ṣe ń rí wọn tẹ̀ léra, lékelèéke àti ẹ̀gà tí gbogbo wa mọ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹyẹ tó pọ̀ níbì kan ló máa ń tètè yọjú, tó bá wá di pé ó ń pẹ́ kó tó wọ lísìtì, tàbí kò wọ̀ ọ́ mọ́ rárá, wọ́n á fura pé ó ti ń dín kù. Ẹni tó bá kọ kìkì èyí tó rẹwà ti ba ìṣirò yẹn jẹ́.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bá ìtẹ́ odídẹrẹ́ pàdé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé ibi tó wà sórí Facebook. Lóòótọ́, 2016 làwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí wọ́n má tà á láti inú igbó lọ sókè òkun mọ́, síbẹ̀ àwọn tó ń jí ọmọ ẹ̀ kó ṣì wà, wọ́n sì ń wo Facebook bíi tiyín.