Ọmọ Ajá Méjì Láti Inú Ìyá Kan Náà: Ẹ Tọ́ Wọn Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Àwọn tó ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́lé sábà máa ń bi mí bóyá kò ní dáa kí wọ́n kúkú mú méjì nínú àwọn ọmọ tí abo ajá kan bí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè máa bára wọn ṣeré. Ẹyọ kan ni mo máa ń ní kí wọ́n mú, lẹ́yìn tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 8 lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ìyẹn bá pé bí ọdún kan, tó ti mọ òfin ilé, wọ́n lè wá mú òmíràn.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọmọ ajá ń mọ èèyàn, tí ọ̀kadà àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ń mọ́ ọn lára. Bó bá wà pẹ̀lú ọmọ ìyá rẹ̀ tọ̀sán-tòru lásìkò yẹn, ọ̀dọ̀ ìyẹn ni ọkàn rẹ̀ máa ń wà. Ẹ óò pè é, kò ní dá yín lóhùn. Èyí tó ń gbó bíi kìnnìún níwájú èkejì lè máa gbọ̀n tí ẹ bá mú un jáde lóun nìkan, bẹ́ẹ̀ ìṣọ́ òru lẹ torí ẹ̀ rà á.

Bí méjì bá ti wà nílé yín ńkọ́? Ẹ yà wọ́n sùn, ẹ yà wọ́n jẹun. Ẹ máa kọ́ oníkálukú lóun nìkan, ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ ṣeré. Wọ́n á ké. Ó máa ń dun àwa tí a ń rán aṣọ kan náà fún Táyé àti Kẹ́hìndé, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò mọ́ wọn lára.

Parvo, àrùn inú tó máa ń pa ọmọ ajá, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Inú ìgbẹ́ ajá ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà jáde, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọ̀kan bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí kò jẹun, ẹ gbé àwọn méjèèjì wá sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Epo pupa tí wọ́n máa ń rọ sí ajá lẹ́nu kò wò ó. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ ó sì máa tún un gbà títí wọn ó fi pé ọ̀sẹ̀ 16; ti dìgbòlugi wà ní nǹkan bí oṣù 3. Kí abẹ́rẹ́ wọn tó pé, ẹ máa gbé wọn lọ́wọ́ wo ìgboro, ẹ má gbé wọn kalẹ̀ níbi tí ajá mìíràn ń yàgbẹ́ sí.

Akọ àti abo kò mọ̀ pé ọmọ ìyá làwọn. Abo lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ láti nǹkan bí oṣù 6, ọmọ ìyá rẹ̀ yóò sì gùn ún. Ẹ wá bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lóyún kó tó dìgbà náà. Abo méjì ńkọ́? Bí wọ́n bá ń dàgbà, ìjà wọn lè le débi pé ilé kan ò ní gbà wọ́n mọ́. Tí ẹ bá ti ń rí i pé ọ̀kan ń tẹjú mọ́ èkejì nídìí abọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn sáàárín wọn, kí ẹ sì pe dókítà.