Kí Ló Dé Tí Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Fi Ń Ká Aláṣẹ Lára Ju Èébú Lọ?

Bí ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ àwòrán tí wọ́n fi ń fẹ̀hónú hàn lára ògiri àti lójú títì, àwọn ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ń gbé láwùjọ kékeré, níbi tí kálukú ti mọ ilé ara wọn. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bó ṣe yé mi.

Ohun tó ń dun ará àdúgbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Kí ni ẹ̀rín wá ṣe níbẹ̀?

Ẹni tí a bú ti mọ ohun tó máa ṣe. Á bínú, á ní wọ́n rí òun fín, ọ̀rọ̀ á sì kúrò lórí ohun tí a ń jà fún, á di ọ̀rọ̀ ẹni tó ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí a pa lẹ́rìn-ín kò mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ wá láti ìlú Wrocław ní Pólándì. Ní oṣù Kejìlá 1981, ìjọba ibẹ̀ kéde òfin ológun. Àwọn ènìyàn ń fi òru kọ ọ̀rọ̀ ìtako sára ògiri, ìjọba náà ń fi ọ̀dà pa á rẹ́, títí ara ògiri fi kún fún àpá ọ̀dà káàkiri. Ní 1982, Waldemar Fydrych àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya aràrá kéékèèké sórí àpá ọ̀dà wọ̀nyẹn gan-an. Aràrá lásán, tó dé fìlà, tó mú òdòdó lọ́wọ́, tí kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń kọjá ló mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà náà. Kí ni ọlọ́pàá fẹ́ ṣe sí i? Bó bá tìtorí aràrá mú ènìyàn, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí aràrá ń dẹ́rù bà. Bó bá fi í sílẹ̀, aràrá á máa wí tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 1988, àwọn tó tú jáde ní Wrocław pẹ̀lú fìlà aràrá aláwọ̀ ọsàn lórí ti lé ní 10,000.

Mi ò sọ pé aràrá ló gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣẹ̀wọ̀n, ló ru ẹrù yẹn. Iṣẹ́ tí aràrá ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lè dúró láàrin àwọn yòókù láìgbọ̀n. Iṣẹ́ yẹn kò kéré lójú tèmi.

Ẹ̀fẹ̀ àti yẹ̀yẹ́, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Rárá o. Ẹ̀fẹ̀ ni èyí tí ẹni tí a fi ṣe é náà lè bá wa rẹ́rìn-ín sí, bó tilẹ̀ dùn ún díẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni ti ká fi ojú ẹni gbolẹ̀. Ní ìlú ńlá, ayàwòrán lè fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n má sì tún fojú kan ara wọn mọ́ láé. Láwùjọ kékeré, ẹ ó jọ pàdé níbi ìsìnkú, àwọn ọmọ yín á sì jọ jókòó ní kíláàsì kan náà. Nítorí náà, ìwà ni kí ẹ yà, ẹ má ya ara. Imú ńlá, ẹsẹ̀ wíwọ́, bí ẹnìkan ṣe ń kólòlò: ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀.

Ní 2012, ní Yekaterinburg ní Rọ́ṣíà, wọ́n ya ojú gómìnà, ojú olórí ìlú àti ti igbákejì rẹ̀ yí kòtò mẹ́ta po lójú títì, kòtò wá di ẹnu wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n fi ọ̀dà pa àwòrán rẹ́, wọn ò fọwọ́ kan kòtò. Wọn ò mọ̀ pé kámẹ́rà ń ká wọn. Fídíò yẹn jáde, ojú ti àwọn aláṣẹ, wọ́n sì dí àwọn kòtò náà. Ojú ènìyàn ni wọ́n yà lóòótọ́, àmọ́ kòtò ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àwùjọ kékeré, èmi ò tilẹ̀ ní ya ojú rárá. Ẹnu ràgàjì kan tó la kalẹ̀ ti tó. Gbogbo ará àdúgbò ló mọ ẹni tó yẹ kó pa á dé.

Níbi tí mo ń gbé, bí mo bá yà á lóru, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí wọ́n á ti mọ̀ pé èmi ni. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má yà á lóru. Ohun tó jọ àléébù àwùjọ kékeré yìí ni agbára rẹ̀ wà.

Abúlé kan wà lórí òkè ní erékùṣù Sardinia ní Ítálì, Orgosolo lorúkọ rẹ̀, nǹkan bí 4,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ní 1969, àwọn ológun fẹ́ gba pápá tí àwọn darandaran abúlé náà ti ń da ẹran, ní Pratobello, kí wọ́n lè máa fi ìbọn dánra wò níbẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin ló tú lọ sórí pápá náà, wọn ò sì kúrò títí àwọn ológun fi yí ohùn padà. Ọdún yẹn náà ni àwòrán àkọ́kọ́ dé ara ògiri abúlé náà. Ní 1975, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Francesco Del Casino kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ síta, wọ́n jọ ń yàwòrán sára ilé. Àwòrán ibẹ̀ ti lé ní 150 báyìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ti mú búrọ́ọ̀ṣì lójú gbogbo ayé, ta ni wọ́n tún fẹ́ bi pé ta ló yà á?

Ohun tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn nìyí. Ẹ ya àwòrán náà sórí ìwé, kí ẹ mú un lọ bá ẹni tó ni ògiri lójú ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ fi han ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí ògiri náà pẹ̀lú, torí òun ni yóò máa jí rí i láràárọ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń gbàgbé ìyẹn. Kí ẹ wá fa ìlà àwòrán yípo, kí ẹ fi inú rẹ̀ sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà láti kùn. Ẹni tó bá ti kun ìka ẹsẹ̀ kan níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ẹ̀dùn yín lẹ́nu yín kó tó rí i lára ògiri. Bí ẹ bá ti lọ bá a, tí ẹ ti kọ lẹ́tà, tí kò dáhùn, ìgbà yẹn ni àwòrán ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú ńkọ́?

Ẹ̀rín kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, eré lè wà nínú ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Láàárín 1976 sí 1983, ìjọba ológun ní Ajẹntínà jí àwọn ènìyàn gbé, tí àwọn ẹbí wọn ò rí wọn mọ́. 30,000 ni iye tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ń dá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 1983, ayàwòrán mẹ́ta àti àwọn ìyá tó ń wá ọmọ wọn kó ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí gbàgede Plaza de Mayo ní Buenos Aires. Ẹni tó ń kọjá á dùbúlẹ̀ lórí ìwé, wọ́n á fa ìlà yí ara rẹ̀ po, bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe, wọ́n á sì lẹ òjìji náà mọ́ ògiri ní ìdúró. Ẹni tó wà láàyè ló yá ẹni tí kò sí mọ́ ní ara. Mi ò tíì ronú kan iṣẹ́ yìí kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Owó ọ̀dà kò sí. Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì lójú títì ti tó, òjò ni yóò nù ún. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ ìwé, ẹ po ìyẹ̀fun ife kan mọ́ omi tútù kó má ní kókó, kí ẹ dà á sínú omi gbígbóná bí ife mẹ́rin, kí ẹ máa rò ó lórí iná títí tí yóò fi ki. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára ògiri, ẹ lẹ ìwé náà, ẹ tún kùn ún lé e lórí. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń mú jù. Bí ẹ bá ń gé lẹ́tà sára páálí láti máa fi tẹ àwòrán, ẹ rántí fi okùn páálí tín-ín-rín mú àárín O àti A dúró, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò já bọ́.

Òfin ńkọ́?

Láìgba àṣẹ, ó lè di ẹjọ́ níbi púpọ̀. Ní 1986, Keith Haring ya àwòrán ńlá kan ní New York láti fi kìlọ̀ nípa oògùn olóró, ọlọ́pàá sì mú un. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìlú yẹn kan náà fi ní kó wá tún un yà. Ọgbọ́n tí Alexandre Orion dá ní São Paulo ní 2006 tún yàtọ̀. Kò lo ọ̀dà rárá. Aṣọ ló fi ń nu èéfín ọkọ̀ kúrò lára ògiri ihò ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan, ibi tó nù sì ń di agbárí òkú. Ọlọ́pàá dé, wọn ò rí ẹ̀sùn kà sí i lọ́rùn, nítorí ìmọ́tótó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ìjọba ìlú fúnra wọn wá fọ ògiri náà, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́tipẹ́ nìyẹn.

Bí wọ́n bá pa tiwa rẹ́ ńkọ́?

Kí wọ́n tó pa á rẹ́ ni kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má bá ẹni tó pa á rẹ́ jà; ẹ wo ibi tí ọ̀dà rẹ̀ dé, kí ẹ rántí aràrá Wrocław. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé wọ́n ti dí kòtò náà, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ gbé omi àti búrọ́ọ̀ṣì lọ fọ àwòrán yín kúrò lójú ọ̀sán, kí ẹ sì pe ẹni tó dí i kó wá wò yín.