Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ òkè òkun ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀wù òtútù ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ̀wù rọrùn láti rà. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni ọ̀ràn wà, òun gan-an sì ni ẹni tó ń kánjú kì í kà.

Kí ẹ tó yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí kí ẹ ta ilẹ̀ ìdílé, ẹ ní kí ajẹ́ǹtì gbé ìwé náà wá. Ẹ wo orúkọ àti àdírẹ́sì ọ̀gá, iye owó oṣù àti irú owó tí wọn yóò fi san án, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, ibi tí ẹ máa sùn, àti ẹni tó máa sanwó bàálù tí ẹ máa bá padà. Bó bá jẹ́ èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ gbé e lọ bá áàfáà tó mọ èdè náà dáadáa. Wọn kò ṣọ̀wọ́n ní Ìjẹ̀bú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ajẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ní Lẹ́bánónì, Ómánì àti Kùwétì, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní kafala. Abẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo ni ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ wà. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá sá kúrò nílé ọ̀gá tó ń lù ú, òun náà ni ọlọ́pàá lè máa wá kiri. Nítorí èyí, èmi kì í gba ọmọbìnrin kankan níyànjú láti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pinnu pé òun máa lọ, kò yẹ kó lọ lọ́wọ́ òfo.

Àdéhùn tí ILO, àjọ àgbáyé lórí iṣẹ́, ṣe ní 2011 fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé sọ pé òṣìṣẹ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ́jú páàsìpọ́ọ̀tù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣì ń gbà á. Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti ti ìwé àdéhùn, kí ẹ fi wọ́n sílé. Ẹ há nọ́ńbà fóònù ilé sórí, torí wọ́n lè gba fóònù náà pẹ̀lú. Ẹ tún bá àwọn ará ilé fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì: bí ẹ bá béèrè lójú ọ̀gá pé ṣé gààrí ti wọ́n, kí wọ́n mọ̀ pé ewu ti dé, kí wọ́n sì gba ọ́fíìsì NAPTIP lọ, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò.

Ní ti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti July 22, 2025 ni wọn kò ti fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè ní físà tuntun fún un mọ́. Ajẹ́ǹtì tó bá ṣì ń tà á ní Ṣágámù, irọ́ ló ń tà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, gbèsè ni owó oṣù máa bá lọ. Ẹ sọ fún ìyá àti bàbá kí ẹ tó wọkọ̀. Bí Ojúde Ọba bá bọ́ sáàárín àkókò yẹn, ẹ tètè jẹ́ kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín náà mọ̀ pé ẹ kò ní lè dá owó aṣọ.