Ojú ìwé 62 di 65: bí àwọn ètò ọ́fíìsì ọ̀fẹ́ ṣe ń ka fáìlì Word

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fi LibreOffice, ètò ọ́fíìsì tí kò gba kọ́bọ̀, tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nílé, ó sì jẹ́ ojú ìwé 62. Ó gbé e sórí fíláàṣì, ó forí lé sẹ́ńtà tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́nu géètì yunifásítì. Wọ́n fi Word ṣí i níbẹ̀, ó di ojú ìwé 65. Àkòrí tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tuntun ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ èyí tó ṣáájú, tábìlì kan ti já sí méjì, nọ́ńbà inú àtòjọ àkóónú kò sì bá ohun tó wà nínú ìwé mu mọ́. Ọ̀gá sẹ́ńtà á ní, "Bọ̀dá, ẹ ò bá ti lo Word gidi." Akẹ́kọ̀ọ́ náà á gbà pé ohun ọ̀fẹ́ ló kó bá òun. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ló fà á. Inú fáìlì ni ọ̀ràn wà, ẹni tó bá sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ kò ní ṣòro fún láti mọ èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu nínú àwọn ètò tí kò gba kọ́bọ̀.

Fáìlì docx kì í ṣe àwòrán ojú ìwé. Àpò ni. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè ṣe ẹ̀dà fáìlì kan, kó yọ "docx" tó wà níparí orúkọ rẹ̀, kó fi "zip" síbẹ̀, kó sì tú u. Á bá fódà kan tó ń jẹ́ word pàdé. Inú rẹ̀ ni document.xml wà, èyí tó gbé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ náà ni styles.xml wà, tó ń sọ bí àkòrí àti ìpínrọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí, pẹ̀lú fódà media tí àwọn àwòrán ń gbé. Fáìlì odt tí LibreOffice máa ń lò náà, àpò zip kan náà ni, àmọ́ content.xml ni ọ̀rọ̀ wà nínú tirẹ̀.

Ohun tí àpò yìí kò pinnu ni ibi tí ìlà máa já sí àti ibi tí ojú ìwé máa kún. Àṣẹ nìkan ló wà níbẹ̀: fi Calibri kọ ọ́, kó tóbi tó 11, fi àlàfo báyìí-báyìí sílẹ̀ lẹ́yìn ìpínrọ̀. Ètò tó bá ṣí fáìlì náà ló máa jókòó ṣírò rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni gbé ìwọ̀n kan náà fún télọ̀ méjì ni: aṣọ méjèèjì á wọlé síni lára, àmọ́ ibi tí ojú rírán máa gbà kò ní bára mu.

Ohun tó sì ń da ìṣírò yẹn rú jù ni fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi ń kọ̀wé, bíi Calibri, nítorí pé fọ́ǹtì kì í sábà sí nínú àpò. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Bí fọ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ iṣẹ́ nílé kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà sẹ́ńtà, Word á wá òmíràn dípò rẹ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí lẹ́tà inú èyí tó mú wá bá fi ìdá kan nínú ogún fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ojú ìwé 62 di 65 nìyẹn. Ọ̀ràn náà máa ń wá láti òdìkejì pẹ̀lú. Calibri, tí Word ń fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun láti Office 2007 títí Aptos fi gba ipò rẹ̀, ohun ìní Microsoft ni, kì í bá Linux wá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe Carlito, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ti Calibri bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí wọn yàtọ̀. Caladea ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Cambria. Ní 2007, iléeṣẹ́ Red Hat gbé àwọn fọ́ǹtì Liberation jáde láti dúró fún Times New Roman, Arial àti Courier New. Níbi tí àwọn wọ̀nyí bá wà, ìlà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí nípò. Inú LibreOffice tún wà níbì kan tí a ti lè sọ pé kí fọ́ǹtì bá ìwé lọ: ẹ lọ sí File, Properties, lẹ́yìn náà Font, kí ẹ fi àmì sí Embed fonts. Fáìlì á wúwo sí i, àmọ́ àpò náà á ti gbé ẹrù rẹ̀ pé.

Lẹ́yìn fọ́ǹtì, ọ̀rọ̀ kan èdè tí wọ́n fi kọ àwọn àṣẹ náà. Méjì ni. ODF, tí odt jẹ́ ọ̀kan lára rẹ̀, di ìlànà àjọ OASIS ní oṣù karùn-ún 2005, ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, sì fọwọ́ sí i ní 2006. OOXML, tí docx àti xlsx (fáìlì Excel) jẹ́ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ Microsoft ló ti wá. Àjọ Ecma gbà á ní ìparí 2006, ISO gbà á ní 2008 lẹ́yìn àríyànjiyàn tó le. Ojú méjì ni OOXML ní: èyí tó mọ́ tónítóní ń jẹ́ Strict, èyí tó di gbogbo ìwà àtijọ́ Word mọ́ra ń jẹ́ Transitional. Transitional ni Word ń fi pamọ́ bí a kò bá sọ pé kó ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tó pani lẹ́rìn-ín, irú bí autoSpaceLikeWord95, tó túmọ̀ sí pé kí a fi àlàfo sílẹ̀ bí Word 95 ṣe ń ṣe é. Báwo ni Word 95 ṣe ń ṣe é? Ìlànà tó kọ́kọ́ jáde ní 2006 kò ṣàlàyé rẹ̀; ẹni tó kọ Word 95 ló mọ̀. Ẹlòmíràn tó fẹ́ kọ ètò tó máa ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ á máa dán an wò, á máa tún un ṣe ni.

Nítorí náà, ìbéèrè tó wúlò jù nípa ètò ọ́fíìsì kan ni: kí ni èdè abínibí rẹ̀?

Ti LibreOffice ni ODF. Ilẹ̀ Jámánì ni ìdílé rẹ̀ ti wá, láti ara StarOffice tí Sun Microsystems rà ní 1999. Sun ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2000, ó sì sọ ọ́ ní OpenOffice.org. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ kó ẹrù wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ lórí kóòdù kan náà lábẹ́ orúkọ LibreOffice. Oracle fa orúkọ OpenOffice lé Apache lọ́wọ́ ní 2011. Orúkọ yẹn ṣì lókìkí débi pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá gbé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí rẹ̀: Apache OpenOffice lè ṣí docx, àmọ́ kò lè fi ìwé pamọ́ ní docx. Kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó tún máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà lónìí.

Docx jẹ́ èdè kejì fún LibreOffice. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó sì ń sọ ọ́, àmọ́ ohùn ilé rẹ̀ máa ń yọ níbi tábìlì tó díjú àti àwòrán tí ọ̀rọ̀ yí ká. OnlyOffice, ti iléeṣẹ́ Ascensio System tó forúkọ sílẹ̀ ní Latvia, yàtọ̀ síyẹn: OOXML ni èdè abínibí tirẹ̀, odt ni ó máa ń túmọ̀ kó tó lè ṣe é. Bí fáìlì bá máa lọ máa bọ̀ láàárín ẹni méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń lo Word, OnlyOffice ló máa ń ba nǹkan jẹ́ díẹ̀ jù. Bí ìwé bá gùn, tó kún fún àlàyé ẹsẹ̀ ìwé àti àtòjọ àkóónú, tí ẹni tó ń kọ ọ́ sì ni yóò tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀, Writer inú LibreOffice ló dáńtọ́ jù.

WPS Office ti Kingsoft ní Ṣáínà fara jọ Word bí ìbejì, kò sì wúwo lórí fóònù. Ó gbajúmọ̀ nítorí ìyẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn "free", fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tó wà lómìnira, àwọn oníkóòdù sì ti fi ọdún gbọọrọ ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀. Yorùbá kò ní wàhálà yẹn: WPS jẹ́ ọ̀fẹ́, kò ní òmìnira. Kóòdù rẹ̀ wà ní títì, ìpolówó ọjà wà nínú rẹ̀, àwọn iṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá sanwó ló ń rí i lò. LibreOffice àti OnlyOffice ní méjèèjì. Èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ìyẹn Office tí ẹni tó tà á ti fi irinṣẹ́ kan já àgádágodo rẹ̀, kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ní kí a kọ́kọ́ pa ètò tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì kí àwọn tó lè ṣiṣẹ́.

Google Docs gba ọ̀nà mìíràn: kò sí àpò rárá. Orí kọ̀ǹpútà Google ni ìwé ń gbé, gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ ń lọ síbẹ̀, fọ́ǹtì náà ń ti ibẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí ojú ìwé fi ń rí bákan náà lójú gbogbo ẹni tó bá ṣí i, tí èèyàn mẹ́wàá sì lè jọ kọ ìwé kan láìsí pé ẹnì kan ń béèrè pé èwo ló jẹ́ tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ ní docx ni wọ́n ń ṣe àpò rẹ̀, ìtumọ̀ sì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ó ń jẹ dátà, àyè ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ GB 15, tí Gmail àti fọ́tò jọ ń pín. Word orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Microsoft fúnra rẹ̀ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ wà pẹ̀lú, GB 5 ni tirẹ̀.

Fáìlì ìṣirò rọrùn ju ìwé lọ ní ọ̀nà kan. Inú xlsx, fọ́múlà àti èsì tó mú jáde kẹ́yìn ni wọ́n jọ ń pa mọ́ sínú ilé kọ̀ọ̀kan (cell), nítorí náà nọ́ńbà kì í yí padà lásán. Calc, ètò ìṣirò inú LibreOffice, àti Excel jọ ní ìlà 1,048,576. Ibi tí ó ti ń há ni fọ́múlà tuntun: XLOOKUP, tó ń wá nǹkan jáde nínú tábìlì, kò wọ LibreOffice títí di ẹ̀dà 24.8, ní 2024. Màkírò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a kọ kí iṣẹ́ lè máa ṣe ara rẹ̀, tún le ju ìyẹn lọ. VBA, èdè kóòdù Microsoft, ni wọ́n fi ń kọ ọ́ fún Excel. LibreOffice ń gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, Google Sheets àti OnlyOffice kò gbọ́ ọ rárá, JavaScript ni wọ́n ń lò. Ọ́fíìsì tí owó oṣù rẹ̀ ń ti inú màkírò jáde kò gbọ́dọ̀ fi ìkánjú kó kúrò lórí Excel. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì, tó kéde ní 2024 pé òun máa kó kọ̀ǹpútà 30,000 bọ́ sórí LibreOffice, fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ náà máa lo fáìlì ODF láàárín ara wọn. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé bí gbogbo ilé bá ń sọ èdè kan, kò sí ìtumọ̀ tó máa ṣì.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, ohun kan tún wà. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ọ àti ṣ, àmọ́ kò ní fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí àmì ohùn tó gùn ún lórí. Bí fọ́ǹtì kò bá ní àmì náà, ètò á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà yẹn á ga ju àwọn yòókù lọ, ojú ìwé á sì tún sún. Láti ẹ̀dà 5.3 ní 2017, ẹ̀rọ HarfBuzz ni LibreOffice fi ń to lẹ́tà sórí Windows, Linux àti Mac bákan náà. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ ibi tí àmì ń jókòó sí, ìwé àṣẹ wọn sì gbà pé kí a fi wọ́n sínú àpò. Nínú Word àti Writer lórí Windows, ẹni tó bá tẹ 1EB9, nọ́ńbà ẹ nínú Unicode, tó sì tẹ Alt àti X pọ̀ á rí ẹ, bí kò tilẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí sẹ́ńtà, PDF ni kó gbé lọ, torí PDF ti ṣírò ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, fọ́ǹtì sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ LibreOffice ló fi ṣe é, àmì kan wà láti fi sí nígbà tó bá ń gbé PDF náà jáde, Hybrid PDF ni wọ́n pè é. Yóò fi odt sínú PDF náà gan-an. Sẹ́ńtà á rí ojú ìwé 62 tẹ̀ jáde, bí olùbẹ̀wò iṣẹ́ náà bá sì ní kó tún orí kẹta kọ, LibreOffice á ṣí PDF kan náà, á sì jẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.