Àkàrà kì í mu epo lásán: ohun tí yíyọ thermostat ń ṣe sí ọkọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà sì fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí mẹkáníìkì kan ní Òṣogbo tí wọn kì í bi pé kí ló lè ṣe sí ọkọ̀ tí kò fi ní máa jẹ epo mọ́. Ìdáhùn pọ̀. Àwọn kan ń de ike omi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń fa iná bátìrì sínú rẹ̀ kí omi lè di gáàsì tí ẹ́ńjìnnì yóò máa jó. Alternator ló ń pèsè iná tó ń fọ́ omi náà, ẹ́ńjìnnì ló ń yí alternator, epo ló sì ń yí ẹ́ńjìnnì. Ohun tí gáàsì náà dá padà kò tó ohun tí wọ́n ná lé e lórí, kò sì lè tó o láé. Ti afẹ́fẹ́ táyà àti ẹrù inú bùútù, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Èyí tó yẹ ká jókòó tì ni àtúnṣe kan tí a kì í kà sí àtúnṣe mọ́, torí ó ti di àṣà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ á dé, mẹkáníìkì á tú ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ ẹ́ńjìnnì, á yọ irin kékeré kan jù sínú agolo, á ní: "Ilẹ̀ tiwa gbóná, ọ̀gá. Àwọn òyìnbó tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ló nílò èyí." Irin tó jù nù yẹn ni thermostat, ìdérí tó ń ṣọ́ ọ̀nà tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà lọ tutù nínú rédíétọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ purọ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà rárá, ó sì ń dunni pé owó epo tí onímọ́tò ń sá fún gan-an ló ń tì í sínú rẹ̀.

Ooru ọ̀sán Òṣogbo lóṣù Kẹta lè dé 35°C. Omi inú ẹ́ńjìnnì ní láti sún mọ́ 90°C kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́. Ooru tí a ń tìtorí rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù, òtútù ni lójú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wo alákàrà. Kì í da ẹ̀wà lílọ̀ sínú agbada kí epo tó gbóná. Bí epo bá ti gbóná dáadáa, ara àkàrà á gan lójú ẹsẹ̀, epo kò ní ráyè wọ inú rẹ̀, àkàrà á fúyẹ́ lọ́wọ́. Bí epo bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àkàrà á rì sísàlẹ̀ agbada, á máa mu epo, títí tí bébà tí wọ́n fi wé e fún oníbàárà á fi rin gbindin. Alákàrà tó ń kánjú bẹ́ẹ̀ á tún epo rọ sí agbada kí ilẹ̀ tó mọ́, á sì máa rò pé àwọn tó ń ta epo ló rẹ́ òun jẹ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì tútù. Bẹntiróòlù ní láti di gáàsì kó tó lè jó. Bí ó bá bá irin tútù pàdé, apá kan rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara irin, kò ní jó lásìkò. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà á tú epo sí i kí èyí tó di gáàsì lè tó. Sẹ́ńsọ̀ kan tó ki ẹnu bọ inú omi ẹ́ńjìnnì ló ń ròyìn fún un. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, bí omi bá wà ní 20°C, ìdènà tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe fún iná á ju 2,000 ohm lọ (ohm ni òṣùwọ̀n ìdènà iná). Bí ó bá dé 80°C, ìdènà náà á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 300, brain box á sì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ọkọ̀ tí kò ní thermostat kò jẹ́ kí ìròyìn rere yẹn tètè dé. Lójú brain box, ìdájí ni gbogbo ọjọ́.

Thermostat fúnra rẹ̀ ni ìyanu ibẹ̀. Ife idẹ kékeré kan ni, ìda ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n po ẹ̀kúnná bàbà mọ́ kí ooru lè tètè kárí. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn oníṣẹ́ bátíìkì Òṣogbo nígbà tí wọ́n ń yọ́ ìda á ti rí i pé bí ìkòkò bá tutù, àárín ìda á jìn wọnú bí kòtò. Ìdí ni pé ìda tó yọ́ máa ń fẹ̀ ju èyí tó dì lọ. Ìfẹ̀ yẹn náà ni thermostat ń lò. Bí omi bá gbóná tó, ìda á yọ́, á fẹ̀, á ti ọ̀pá tín-ínrín kan, ìdérí á ṣí, omi á ráyè kọjá sí rédíétọ̀. Bí omi bá tutù díẹ̀, ìda á sún kì, sípíríǹgì á ti ìdérí padà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara ọ̀pọ̀ nínú wọn ni 82, ìyẹn 82°C tí ìdérí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kì í ṣí gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń fa igi jáde lábẹ́ ààrò tó tún ń tì í wọlé. Kò sí wáyà, kò sí bátìrì, kò sí kọ̀ǹpútà. Ọdún 1934 ni Sergius Vernet ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, a kò sì tíì rí ohun tó rọrùn jù ú lọ.

Ẹni tó yọ ọ́ lè má fura ní súnkẹrẹ Ọláìyá, torí ẹ́ńjìnnì tó dúró lójú kan á gbóná náà. Àfìgbà tó bá gba Àkódà sọ̀nà Gbọ̀ngán, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ rédíétọ̀ kíkankíkan, ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, lórí ọ̀nà tó yẹ kí epo ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ olótòmátíìkì mìíràn kò tilẹ̀ ní wọ gíà tó kẹ́yìn bí omi kò bá gbóná tó. Bí iná "check engine" bá tàn tí wọ́n kà á, tó jáde ní P0128, ohun tó ń sọ ni pé omi kò gbóná dé ibi tó yẹ. Àwọn mìíràn tún so fáànù mọ́ bátìrì tààrà kó má baà sinmi, ni wọ́n bá tún fi òtútù kún òtútù.

Àwọn mẹkáníìkì ní ẹjọ́ kan tó jẹ́ òótọ́: thermostat máa ń há, bó bá sì há ní títì, ẹ́ńjìnnì lè sè. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn, kì í kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kànga tí a ń rọ sí rédíétọ̀ dípò kúláǹtì, omi àkànṣe tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ló sábà ń dá ìpẹtà sílẹ̀ tí ó fi há. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan pàápàá, ẹsẹ̀ thermostat ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná ń gbà padà láìdé rédíétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọ̀nà yẹn á wà ní ṣíṣí, ọkọ̀ tí wọ́n ní kó má gbóná á wá máa gbóná.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà, kí wọ́n fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ láàárọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ó bá wà, họ́ọ̀sì á tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á sì gbóná lójijì. Bí kò bá sí, á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ra tuntun sì lè fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná kí wọ́n tó dè é. Kí omi tó hó, ìdérí rẹ̀ á ti ṣí.