Ẹ Yéé Bèèrè Fọ́tò Lọ́wọ́ Mi

Ẹnìkan tún ti kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ihò dúdú tí ẹ ní ó ń dá rìn lójú ọ̀run yẹn, fọ́tò rẹ̀ dà?" Kò sí fọ́tò. Ihò dúdú ni ohun tó wúwo débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè jáde nínú rẹ̀. Ti àárín M87, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan tó jìnnà, tí gbogbo yín rí ní 2019, gáàsì gbígbóná tó yí i ká ló ń tàn. Èyí ò ní nǹkan kan lára tó ń tàn. Kí ni kámẹ́rà fẹ́ yà níbẹ̀?

Ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ là ń wò. Bí ohun tó wúwo bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, òòfà rẹ̀ (agbára tí ohun tó wúwo fi ń fa nǹkan mọ́ra) á tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà, á kó o jọ sọ́dọ̀ wa bíi dígí tí àgbàlagbà fi ń kàwé. Ìràwọ̀ á tàn sí i, á tún rọlẹ̀. Microlensing nìyẹn. Einstein kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1936, ó ní kò jọ pé ẹnikẹ́ni á rí i. Mi ò bá a wí: nínú mílíọ̀nù ìràwọ̀ tó wà lọ́nà àárín Milky Way, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, bóyá ẹyọ kan ló ń ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́. Bohdan Paczyński, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Poland, ló dábàá ní 1986 pé kí a kúkú máa ṣọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ̀. Ní 1993, wọ́n rí i.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni kí ẹ fetí sí. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ara wọn ló ń tàn tó ń rọlẹ̀, àwọn ló ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó bá ń gbóná á máa ya sí búlúù, èyí tó bá ń tutù á máa pọ́n. Òòfà kì í ṣojúsàájú: bó ṣe tẹ pupa ló ṣe ń tẹ búlúù. Ìdí tí a fi ń fi fílítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí àwọ̀ tirẹ̀ nìkan kọjá, wọ̀n ọ́n nìyẹn. Bí pupa bá lọ sókè ìlọ́po mẹ́ta, tí búlúù lọ ìlọ́po méjì, ẹ fura sí i. (Bí ìràwọ̀ mìíràn bá fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn ní ìṣirò tirẹ̀.) Microlensing tó bá sì ti kọjá lórí ìràwọ̀ kan, kò ní í padà wá ṣẹlẹ̀ mọ́. Àmì tí OGLE-2005-BLG-390Lb, plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ tó gba iwájú kọjá po, fi sílẹ̀ lórí gíráàfù ìmọ́lẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ; ká ní gbogbo wa sùn ni, ó parí nìyẹn.

Ihò dúdú tí ẹ ń wá fọ́tò rẹ̀, OGLE-2011-BLG-0462, Hubble, awò ìràwọ̀ tó wà lójú òfurufú, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn bí ìràwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe yẹ̀ díẹ̀ báyìí kúrò ní àyè rẹ̀. Ní 2022, ikọ̀ kan ní ó wúwo tó oòrùn méje, ikọ̀ kejì ní kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ìṣirò ṣe, ó wá sún mọ́ méje. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìran rírí.

Torí ìran ni obìnrin kan ṣe pè mí. Wòlíì sọ fún un pé ọ̀tá ti fi nǹkan bo ìràwọ̀ rẹ̀, pé ìdí tí ọjà rẹ̀ ò fi tà nìyẹn. Ó ti san ìdajì owó ìṣípayá, nínú owó tó fẹ́ fi kó ọjà. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ wa yẹ ìràwọ̀ náà wò kó tó san ìyókù. Mo ní, màmá, níbi iṣẹ́ tiwa, ohun tó bá gba iwájú ìràwọ̀, ṣe ló ń mú un tàn sí i! Mo ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀ mọ́.

Wọ́n ní wòlíì ti gbà láti dín in kù.