Ẹ̀wà Inú Ife: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Tó Ń Há Sáyẹ́ǹsì Sórí

Lọ́dọọdún, nígbà tí kájú bá ti ń tán lórí igi ní agbègbè Kàbà àti Ìjùmú, tí owó rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn òbí, ni wọ́n máa ń rántí pé ọmọ wọn fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC. Wọn a mú ọmọ náà wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́, wọn a gbé àpò ìwé rẹ̀ kalẹ̀, wọn a sì bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn fi kẹ́mísírì àti báyólọ́jì sí i lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún 23 nìyí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ méjèèjì yìí nílẹ̀ Ọ̀kún, n kò sì tíì rí ọmọ kan tí sáyẹ́ǹsì wọ orí rẹ̀ láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá láìpẹ́ yìí. Ó ní ọmọ òun mọ ìwé dáadáa, kí n sáà bi í léèrè. Mo bi í ní ohun tí osmosis jẹ́, ìyẹn bí omi ṣe ń gba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá lọ síbi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà ti pọ̀ jù, ó sì kà á láìmí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń ka Baba Wa Tí Ń Bẹ ní Ọ̀run. Mo dìde, mo gé iṣu tútù kan, mo gbẹ́ ihò sí i lórí, mo bu iyọ̀ ṣíbí kan sínú ihò náà, mo gbé e sínú àwo tí omi kò kún, mo wá bi í pé, "Kí la máa bá nínú ihò yìí tí ilẹ̀ bá ṣú?" Ó tún ka ìtumọ̀ osmosis fún mi. Mo ní mo ti gbọ́ ìyẹn, ihò ni mò ń béèrè. Ó bojú wo ìyá rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti rin iyọ̀ náà, ó sì ti ń kún ihò bọ̀ láìsí ẹni tó bu omi sí i. Mo tún fi iṣu sísè ṣe bákan náà, omi kò sì gòkè lọ́nà bẹ́ẹ̀, nítorí pé iná ti ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì inú iṣu ká jẹ́, awọ yẹn gan-an ló sì ń yan ohun tí yóò kọjá àti èyí tí kò ní kọjá. Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, "Sà, ṣé ohun tí wọ́n ń sọ nínú ìwé náà nìyí?" Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń ka gbólóhùn náà.

N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí átọ́ọ̀mù jẹ́ tàbí bí a ṣe ń kọ H₂O. Ẹni tí ìyẹn kò bá tíì yé, kí ó padà lọ bá olùkọ́ tó kọ́ ọ ní JSS. Ọ̀rọ̀ ìdánrawò ni mo fẹ́ sọ, kókó rẹ̀ kò sì gùn: kí o tó ṣe ohunkóhun, kọ ohun tí o rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé rẹ, ṣe é, kí o wá kọ ohun tí o fi ojú ara rẹ rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kódà bí ó bá dójú tì ọ́. Ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ síra ni ẹ̀kọ́ wà.

Àwíjàre pé kò sí láàbù kò wọ̀ mí létí mọ́. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ láàbù rẹ̀ wà láti ìgbà tí ọ̀gá àgbà kan ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹrà lábẹ́ igi lẹ́yìn kíláàsì ibẹ̀. Ásíìdì ni omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bésì ni kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà. Ẹ bu omi gbígbóná sórí ewé sóbò, láìfi ṣúgà sí i, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ ti ní ohun tí yóò máa fi àwọ̀ sọ èyí tó jẹ́ ásíìdì àti èyí tó jẹ́ bésì fún yín: yóò pupa rẹ́súrẹ́sú nínú omi ọsàn, yóò sì dà bí àwọ̀ ewé nínú omi kán-ún. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ọbajánà láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, kálsíọ̀mù kábọ́nétì ni. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìyẹ̀fun rẹ̀, yóò hó, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ẹ ń mí síta. Bí òkúta náà bá mọ́, tí a sì jó tọ́ọ̀nù 100 rẹ̀ nínú iná ààrò títí ó fi di ẹfun jíjó, tọ́ọ̀nù 56 péré ni a óò bá nílẹ̀. Ọmọ tó há a sórí pé ohun kan kì í ṣàdédé sọnù nínú kẹ́mísírì, àmọ́ tí kò lè sọ fún mi ibi tí tọ́ọ̀nù 44 yòókù gbà lọ, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣe ìdánrawò ni àwọn nǹkan tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bílíìṣì tí a bá dà pọ̀ mọ́ ásíìdì yóò tú afẹ́fẹ́ chlorine jáde, afẹ́fẹ́ yẹn sì ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti rí ìyàwó ilé kan tó da méjèèjì pọ̀ kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè mọ́ ní ìlọ́po méjì; ìta ni wọ́n gbé e sí tó ń wúkọ́ di alẹ́.

Titration wá kù, ìyẹn kíkán ásíìdì sínú bésì díẹ̀díẹ̀ láti mọ ìwọ̀n tí yóò pa agbára bésì náà; ibẹ̀ ni mo ti máa ń bínú jù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí aṣọ híhun ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ìyá wa ní Bùnú, kò sì sí ẹni tó ń ka aṣọ híhun nínú ìwé. Wọn a sọ fún ọmọ pé kí ó fi ásíìdì tí yóò lò ṣan burette, ọ̀pá gíláàsì onínọ́ńbà tí ásíìdì ń gbà kán, pé kí ó má sì fi bésì ṣan fláàsìkì, ìgò tí bésì yóò wà. Ọmọ a há a sórí, tí ó bá dé gbọ̀ngàn ìdánwò tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, a yí i po. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ ìdí rẹ̀, kò lè yí i po láéláé. Omi tó bá kù sínú burette yóò là ásíìdì, ásíìdì tó ti là kò lágbára tó, nítorí náà èyí tí yóò lò yóò pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Tí ó bá jẹ́ pé bésì ló fi ṣan fláàsìkì, ìwọ̀nba tó bá lẹ̀ mọ́ ara fláàsìkì yóò kún mílílítà 25 tí ó fi pipette, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi, wọ̀n, a jẹ́ pé bésì inú rẹ̀ ti lé. Omi lásán nínú fláàsìkì kò ba nǹkan kan jẹ́, nítorí kò fi kún bésì, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Kí ó yọ fọ́nẹ̀ẹ̀lì kúrò lórí burette kí ó tó kà á. Kí ó lé afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ nísàlẹ̀. Kí ojú rẹ̀ bá ojú omi dọ́gba, ibi tí omi náà tẹ̀ sísàlẹ̀ jù ni kí ó sì kà. Kí ó má fẹnu fẹ́ èyí tó kù lẹ́nu pipette jáde, nítorí pé ẹni tó ṣe pipette ti ka ìyẹn mọ́ ọn.

Mo gba ìwé ọmọ kan tó kọ iye mílílítà ásíìdì tí ó lò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, 24.90, 24.20 àti 24.30, tó sì pín àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mẹ́ta, tó kọ 24.47. Àkọ́kọ́ yẹn, ìwádìí ni. A kàn fi í mọ àgbègbè tí nǹkan wà ni. Méjì tó súnmọ́ ara wọn, tí ìyàtọ̀ wọn kò ju 0.20 lọ, ni a ń pín, ìdáhùn rẹ̀ sì ni 24.25. Ó ní òun mọ òfin náà. Mo ní kí ó kà á fún mi, ó sì kà á láìṣì. Mo rán an lọ sí kẹ́míìsì kí ó ra síríǹjì mílílítà 10 láìmú abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání. Ó fi wọ̀n omi kán-ún 10 sínú ife funfun, ó kán omi sóbò márùn-ún sí i, ó fọ síríǹjì náà, ó wá fi í fa omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó ti sẹ́, ó sì ń kán an wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń mi ife, títí ó fi kúrò ní àwọ̀ ewé tó di pupa. Àkọ́kọ́, ó ta á kọjá, ó pupa fòò. Ó ní, "Áà!" Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ìdí tí a kì í fi í ka àkọ́kọ́ mọ́ wọn.

Àwọn kan wà tí wọn kò ní rán ọmọ ra síríǹjì, ìsọ̀yè ni wọn yóò rà. Wọn a ní kí ọmọ máa lá a láàárọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, àmọ́ tí ìsọ̀yè bá tilẹ̀ jẹ́, kí ni yóò rán ọmọ létí nígbà tí kò sí ohun tó ti ṣe rí? Àwọn tó ń ta ìdáhùn ìdánwò lórí fóònù tún burú ju oníṣègùn lọ. Oníṣègùn a máa bẹ̀rù kí oògùn rẹ̀ má kọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ti gba owó, wọ́n ti lọ.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí àkọ́sórí gbé ẹnì kan dé, ẹni tí mo fẹ́ràn ni, akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ni. Ó wá kí mi nígbà ọyẹ́, òun àti ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ́ AS, ìyẹn ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní A kan àti S kan, ọmọ tó bá gba S lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni SS, wọn kò sì ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́ta, ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde. Ẹnì kan ti ní àbíkú ni, ó ti sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ náà lẹ́yìn. Ẹlòmíràn ní tí wọ́n bá gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lọ́dọ̀ òun, jẹnotáìpù wọn yóò di AA. Mo bú àwọn méjèèjì dáadáa, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀: kódà ẹni SS tí oníṣègùn òyìnbó bá pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sì yí padà, S ni yóò ṣì máa fún ọmọ tó bá bí, nítorí pé a kò fọwọ́ kan ibi tí irú-ọmọ ti ń wá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun kò gba àwọn wọ̀nyẹn gbọ́, sáyẹ́ǹsì ni òun gbà gbọ́. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé bí AS bá fẹ́ AS, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS. Èyí tó jẹ́ SS ti jáde. Mẹ́ta tó kù ti bọ́."

Mo rántí ìwé rẹ̀. Ó ya àpótí onígun mẹ́rin tí a fi ń wá irú ọmọ tí tọkọtaya lè bí, ó pín in sí mẹ́rin, ó kọ AA, AS, AS, SS sínú rẹ̀ lọ́nà tó mọ́ ju ti gbogbo kíláàsì lọ, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi fún un ní máàkì tó pé.

N kò dá a lóhùn. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo mú ife méjì jáde, mo ka ẹ̀wà funfun mẹ́wàá àti ẹ̀wà pupa mẹ́wàá sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ife kan ni tìrẹ, èkejì ni ti ìyàwó wa. Funfun ni A, pupa ni S. Di ojú rẹ, mú ọ̀kan nínú èyí, mú ọ̀kan nínú tọ̀hún, ọmọ kan nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì dá ẹ̀wà náà padà sínú ife. Ó ní kí ló dé tí a fi ń dá a padà. Mo ní ìbéèrè tó yẹ kó ti bi mí láti kíláàsì SS2 nìyẹn. Ara kì í ná S tán. Gbogbo oyún ni ife ṣì kún bó ti wà, ife kò sì mọ ohun tí a mú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn, ti oyún kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe ìpín tí wọ́n há fún ìdílé. Bí ọgọ́rùn-ún tọkọtaya AS bá bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bí 68 nínú wọn ni a lè retí pé yóò ní ó kéré tán ọmọ SS kan. Àwọn mìíràn yóò ní méjì tàbí mẹ́ta, àwọn kan kò sì ní ní rárá.

Gregor Mendel, tí a ń pè ní bàbá ìmọ̀ nípa ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, kò jókòó ya àpótí. Ó gbin ẹ̀wà pea sínú ọgbà, ó ń ka èso rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1866, 5,474 tó rí rogodo àti 1,850 tó hunjọ ló kọ sílẹ̀. Ẹ pín in wò: kò pé mẹ́ta sí ọ̀kan tí àpótí ń sọ gan-an, nítorí ẹ̀wà gidi ló kà.

Ọkùnrin náà dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ó mú ogún ìgbà. Márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní SS kankan nínú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, pupa àti pupa. Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, pupa àti pupa. Ó la ojú, ó wo inú ife, ó ní ṣé n kò ti fi pupa kún un nígbà tí òun dijú. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Funfun mẹ́wàá, pupa mẹ́wàá, nínú méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ní kí n dá ẹ̀wà náà padà sínú ife, òun náà fẹ́ mú.